Ojú-Ìwé Tí Mo Gé Kúrò Nínú Ìwé Arnljot

Ọjọ́bọ̀ ni ìròyìn náà dé. Mo ń bó ọ̀dùnkún lọ́wọ́. Àlùfáà wa kì í dédé yà sílé ẹni lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀, nítorí náà nígbà tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà tó ti ṣí fìlà, tí ẹrẹ̀ èbúté lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀, n kò bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká jókòó.” Mo ní, “Arnljot ti kú.” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbàdúrà, ó di ọwọ́ mi mú, ó sì rò pé ìbànújẹ́ ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kí ẹkún tó dé rárá, ni pé: kò ní mọ̀ mọ́ láé. Ara mi sì balẹ̀. Ọlọ́run rí mi, ara mi balẹ̀. Ohun tó fa ìbàlẹ̀ ara yẹn ni mo fẹ́ sọ níbí. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti jókòó lé òtítọ́ yìí lórí, ó sì ti ń jó mi nídìí. N kò fẹ́ gbé e wọ ibojì.

Arnljot ni àbúrò mi kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jù ú lọ. Omi ti gbé bàbá wa lọ kí ó tó mọ̀ ọ́n, nígbà tí ìyá wa sì kú, ọmọ ọdún méjìlá ni. Èmi jẹ́ ọmọ ogún ọdún, mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́ tán láti lọ sí Madagásíkà. Mo di ẹrù mi, mo padà sí Skarvøy, erékùṣù wa, mo tọ́ ọ. N kò dé Madagásíkà, n kò sì lọ́kọ. N kò sọ èyí láti fi dá ara mi láre. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ebi tó wà nínú mi, torí ẹni tó bá ti fi ayé rẹ̀ tọ́ ènìyàn kan lè wá máa rò pé òun ló ni ín.

Arnljot di ọ̀gá ọkọ̀ ẹja. Ó fẹ́ Oddny, wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Torunn. Ìgbà ẹja pánlá ni Oddny kú, ọkọ rẹ̀ sì wà lójú omi ní Lofoten. Níbi kọfí tí a máa ń mu lẹ́yìn ìsìnkú, Torunn dìde lójú gbogbo wa, ó ní, “Bàbá, ẹja ṣe pàtàkì sí yín ju ìyá mi lọ.” Arnljot gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, “Nígbà náà, má tún wá jókòó sílé tí ẹja kọ́.” Torunn kó lọ sí Trondheim. Ó lọ́kọ níbẹ̀, ó bímọ méjì, ó kọ ọkọ sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni òun àti bàbá rẹ̀ kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni mo kó wọlé Arnljot. Mo ń se ọbẹ̀ ẹja fún un, mo ń rán bọ́tìnì mọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ilé rẹ̀ sì di ilé mi.

Nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Ogójì ọdún ni Arnljot fi kọ ìwé ọkọ̀ rẹ̀ láìfo ọjọ́ kan: afẹ́fẹ́, ibi tí wọ́n da àwọ̀n sí, ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí àwọn ọkùnrin bá ń jiyàn lórí ọdún tí yìnyín fọ́ èbúté, ilé wa ni wọ́n ń gbé e wá. Yóò ṣí ìwé, yóò fi ìka lé e. “Ohun tí kò bá sí nínú ìwé ọkọ̀,” a máa wí, “kò ṣẹlẹ̀.” Bergljot, aládùúgbò wa, máa ń fi í ṣẹ̀sín: “Arnljot, ṣé ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ wà níbẹ̀? Torí èmi ò tíì gbà pé wọ́n bí ẹ o, àwọ̀n ló gbé ẹ jáde.” Arnljot á fèsì láìrẹ́rìn-ín: “Ó wà níbẹ̀. Ìjì líle. Ọkọ̀ bàjẹ́ díẹ̀.” Ẹ̀rín náà kò mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ dé ìsàlẹ̀ ọkàn.

Ní oṣù Kejì ọdún kan, ó já sínú ihò ọkọ̀ tí wọ́n ń kó ẹja sí. Egungun ìhà mẹ́rin ló kán, ọ̀kan gún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Àwọn dókítà tó wà ní ìlú ńlá fi oògùn kùn ún lóorun, ẹ̀rọ sì ń bá a mí. Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sunniva fi ìwé kan tí kò tíì sí nǹkan nínú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo ní, “Kí ni kí n fi ṣe?” Ó ní, “Ẹ máa kọ ọ́, Màmá. Àwa náà yóò máa kọ ọ́. Ẹni tó bá sùn báyìí, tó bá jí, kì í mọ ibi tí ọjọ́ rẹ̀ lọ. Inú ìwé yìí ló ti máa rí wọn.” Mo sọ fún un pé n kò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Nílé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì, ìyá àgbà tó ń kọ́ wa a máa wí pé ẹni tó ń kọ nípa ara rẹ̀ lójoojúmọ́ ń gbẹ́ ère ara rẹ̀ ni. Sunniva rẹ́rìn-ín. “Kò kan tiyín. Òun ni kí ẹ máa kọ ọ́ sí. Ẹ pè é ní ‘ìwọ’. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lásán.”

Mo jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó rí ìlà àkọ́kọ́. Mo kọ pé: “Arnljot, ológbò bì sínú bàtà rẹ. Ti òsì ni.” Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Mo kọ nípa òjò-dídì, mo kọ nípa Bergljot tó yọ̀ ṣubú tó sì bú òkúta, mo kọ nípa bí ojú rẹ̀ ṣe rí nínú oorun, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí lọ́mọ ọdún méjìlá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: láti ìgbà tó ti gbé ìyàwó, kò tún jẹ́ tèmi nìkan mọ́ títí di ìgbà tó sùn yẹn tí mo mú kálámù.

Ní ọjọ́ kọkànlá, mo ti ìsàlẹ̀ tí mo ti lọ jẹun dé, mo bá obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Kò tíì bọ́ kóòtù. Ó ti rẹ aṣọ sínú omi gbígbóná, ó ń fi nu irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń nu ẹyin. “Àǹtí Gudveig,” ó ní, kò gbójú sókè, “ta ló fi irùngbọ̀n yìí sílẹ̀ báyìí? Bíi pé ẹyẹ fẹ́ yé sínú rẹ̀.” Mo ní, “Ẹ̀rọ ló jẹ àwọn nọ́ọ̀sì lógún.” Ó ní, “Ẹ̀rọ ò bímọ.” Mo ní, “Ta ló sọ fún ọ?” Ó wá wò mí. “Bergljot ni. Ẹ̀yin kọ́.” Torunn jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nọ́ọ̀sì kan láti Súwídìn, tó wá ṣiṣẹ́ fún oṣù kan péré, na ìwé náà sí i: “Ẹ kọ tiyín náà. Àwọn aláìsàn máa ń kà á, wọ́n á sì sunkún, ó máa ń ṣe wọ́n lóore.” Ó kọ iwájú àti ẹ̀yìn ojú-ìwé kan tán. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó dì mọ́ mi. “Àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ aládùúgbò, mo ní láti padà. Nọ́ńbà mi wà nínú ohun tí mo kọ. Bí Bàbá bá jí, tó kà á, tí inú rẹ̀ bá ti rọ̀, kó pè mí. Bí kò bá pè, á ti yé mi, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Àǹtí, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́ o. Bergljot pàápàá ò mọ̀ pé mo wá, ẹ má sì sọ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kó pè.” Ó tún ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀.”

Mo ka ohun tó kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á. Ohun tí mo rántí nìyí. Èyí tí n kò rántí, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, n kò ní fi tèmi dí i. “Bàbá, mo wá. Mo ti wádìí lọ́wọ́ àwọn tó wà pẹ̀lú yín ní Lofoten lọ́dún yẹn. Wọ́n ní rédíò ọkọ̀ ti bàjẹ́, wọ́n ní nígbà tí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ tukọ̀ nínú ìjì láìsinmi kí ẹ lè bá Màmá láyé. Mi ò mọ̀. Mo sọ ohun tí mi ò mọ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹ dárí jì mí. Sivert jọ yín, kì í sọ̀rọ̀ tó bá ń bínú.” Ibi tó kù, ó ti lọ.

Mo rí ohun tó ń bọ̀. Yóò jí, yóò kà á, yóò pè é. Torunn yóò dé pẹ̀lú àwọn ọmọ, ilé yóò kún, a ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Gudveig, a ó sì bá a wá yàrá kékeré kan sí ilé àwọn arúgbó. Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ara mi, títí ó fi dà bí ohun tí wọ́n ti ṣe fún mi. Lọ́jọ́ kejì mo mú ìwé náà wálé, mo ní mo fẹ́ lẹ fọ́tò ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n máa ń gbà wá láyè bẹ́ẹ̀. Mo mú ọ̀bẹ tí a fi ń la ẹja, mo gé ojú-ìwé náà lẹ́bàá òwú tí wọ́n fi rán an. Mo ti la ẹja fún ọgọ́ta ọdún. Mo jù ú sínú iná tí mo fi ń se kọfí, mo jókòó, mo kọ ọ́ sí ojú-ìwé tó tẹ̀lé e pé: “Ọjọ́ kọkànlá. Òjò-dídì láti òwúrọ̀. Èmi nìkan ni mo wá.”

Nígbà tí Sunniva padà sẹ́nu iṣẹ́, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Màmá, mo gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ wá. Mi ò rí i nínú ìwé.” Mo ní, “Ó ní ká má sọ fún un. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni.” Ó ní, “Ṣé ó dá yín lójú?” Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní, “Ó dáa. Tẹbí ni tẹbí. Èmi á bá àwọn tó kù sọ ọ́, a ò ní dá sí i.” Ọmọ rere ni. Ìwà rere rẹ̀ náà ni mo fi dè é lẹ́nu.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n jí i. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní kí n ka ìwé náà fún òun. Nígbà tí mo dé orí ológbò, ó di ìhà rẹ̀ mú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra, ẹ̀rín yìí á tún mi kán.” Inú mi dùn bíi ti ọmọdé. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sí òkè àjà. Ó ní, “Ẹnìkan nu irùngbọ̀n mi. Omi náà gbóná. Mo gbọ́ ohùn Torunn, ó ń ṣàròyé nípa ẹyẹ kan.” Mo ní, “Oògùn ni. Gbogbo wọn ló máa ń lálàá.” Ó ní, “Ẹ wò ó nínú ìwé.” Mo ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Bó bá jẹ́ pé ó wá ni, màá pè é lónìí, kí n tó jẹun.” Ó sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ọwọ́ mi wà lórí ibi tí mo gé. Bí mo bá ti lanu nígbà yẹn, ìbínú rẹ̀ nìkan ni ǹ bá rù, ǹ bá sì rù ú wálé pẹ̀lú ayọ̀. Mo kà á sókè pé: “Ọjọ́ kọkànlá. Òjò-dídì láti òwúrọ̀. Èmi nìkan ni mo wá.” Ó ní, “Ẹ tún un kà.” Mo tún un kà. Ó ní, “Ó dáa. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé…” Kò parí rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri.

Ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ ló tún lò. Ìwé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Mo ní ohun tí mo fẹ́: èmi, òun, tábìlì, ọbẹ̀ ẹja. Kò dùn lẹ́nu mi.

Ẹ lè rò pé èyí ni ibi tó burú jù. Ó kù kan. Torunn wá síbi ìsìnkú pẹ̀lú Sivert àti Ylva. Níbi kọfí, nílé àdúrà, ó rìn wá bá mi, ó ń mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, “Àǹtí, ìbéèrè kan péré. Ṣé Bàbá ka ohun tí mo kọ?” Arnljot ti wà nínú ilẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi mọ́. Kò sí ohun kankan tó kù tí irọ́ lè dáàbò bò, àfi orúkọ mi láàárín àwọn tó ń mu kọfí. Mo wo gbogbo wọn. Mo ní, “Ó kà á.” Torunn mi orí lẹ́ẹ̀mejì. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́ fún Ylva, ìka kọ̀ọ̀kan, bíi pé iṣẹ́ yẹn ló gbé e wá. Wọ́n bá ọkọ̀ agogo mẹ́ta lọ. Bergljot ní, “Kò tiẹ̀ jẹ kéèkì. Orí kunkun bàbá rẹ̀ náà ni.” Mo bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn ìsìnkú, mo ń kó yàrá rẹ̀. Mo ṣí ìwé náà láti wò ó bóyá kí n sun ún. Ojú-ìwé púpọ̀ ló kù lófìfo nígbà tí èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì fi parí tiwa. Kò ṣófo mọ́. Arnljot, tí kò kọ ohunkóhun rí láyé rẹ̀ ju ti ọkọ̀ lọ, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀ níbi tí a ti dúró. Gbogbo ọjọ́. Nígbà tí àyè tán, ó ran ìwé mìíràn mọ́ ọn pẹ̀lú òwú àwọ̀n. “Torunn. Afẹ́fẹ́ gúúsù. Mo rìn dé èbúté, mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì.” “Torunn. Kò sí afẹ́fẹ́. Bergljot ní Sivert ti wọ iléèwé. Ta ló ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn?” “Torunn. Ìjì. Mo gba nọ́ńbà rẹ lọ́wọ́ Bergljot, mo gbé fóònù, mo tún gbé e kalẹ̀. Ẹni tí kò wá nígbà tí mo ń kú lọ, kò fẹ́ mi nìyẹn. Mi ò dá ọ lẹ́bi.” “Torunn. Òjò. Ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú mi dáadáa. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé ìwọ ni mò ń kọ̀wé sí, ó lè dùn ún.” Ní ibì kan láàárín pé: “Torunn. Afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn. Mo mọ̀ pé o ò wá, ó wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n lójú àlá o nu irùngbọ̀n mi. Bó tiẹ̀ jẹ́ àlá, o ṣeun.” Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí kọfí mi fi tutù pátápátá. Mo ti rò pé ojú-ìwé kan ni mo gé. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọjọ́.

Oṣù mẹ́ta tún kọjá kí n tó gbé fóònù. Ojo ni mí, ẹ má jẹ́ kí n pè é ní nǹkan mìíràn. Mo ní, “Torunn, Gudveig ni. Bàbá rẹ ò ka ohun tí o kọ. Èmi ni mo gé e, mo sì sun ún.” Mo ń gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ní ilé ìdáná rẹ̀. Ó ní, “Ẹ tún un sọ.” Mo tún un sọ. Ó pa ẹ̀rọ omi. “Ẹ sọ fún mi níbi ìsìnkú pé ó kà á.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. “Lójú ọmọ mi.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó já fóònù. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ó pè. “Ẹ má rò pé mo pè láti dárí jì yín. Ẹ má sì sunkún sí mi létí. Ẹ fi ìwé Bàbá ránṣẹ́ sí mi. Kí ẹ sì jókòó, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe, gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́, ẹ má sì fi iyọ̀ sí i.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ ra ìwé yìí. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní, “Ṣé fún ọmọ-ọmọ yín ni, Màmá?” Mo ní, “Èmi ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.” Ó ní, “Ẹ ò pẹ́ jù.” Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí.

Torunn, n kò ní ẹ̀tọ́ tí mo fi lè béèrè pé kí o máa pè mí ní àǹtí. Ìdáríjì tí mo ń tọrọ, bó bá pẹ́ títí tí mo fi kú, màá mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Sivert, Ylva, ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré: ẹni tó bá sùn, ẹni tó bá rìnnà jìn, ẹni tó bá ti kú, ọwọ́ yín ni ọjọ́ rẹ̀ wà. Bó bá ṣe rí ni kí ẹ ṣe kọ ọ́. Bí inú bá ń bí yín, ẹ kọ ìbínú yín sí i pẹ̀lú orúkọ yín lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ẹnikẹ́ni kúrò.

Ọkọ̀ tó ń gbé lẹ́tà yóò dé lọ́sàn-án. Ìwé Arnljot wà lórí tábìlì níwájú mi. Ọjọ́rú ni ìlà rẹ̀ ìkẹyìn, ọjọ́bọ̀ ṣófo, ọ̀gá ọkọ̀ kì í sì í fi ọjọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo lọ bá Bergljot, torí ojú fèrèsé rẹ̀ ló ti rí Arnljot ní èbúté lọ́jọ́bọ̀ tó kú, mo bi í léèrè ohun tó rí gan-an, mo sì ní kó má fi nǹkan kún un. Mo padà wálé. Mo mú kálámù, mo kọ ọ́ bí òun ì bá ṣe kọ ọ́: “Torunn. Afẹ́fẹ́ àríwá, kò le. Bàbá rẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, okùn méjèèjì. Ó jókòó, ó kọjú sí omi. Agogo mọ́kànlá.” Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì bóyá irọ́ kankan wà níbẹ̀. Kò sí. Mo dúró kí tàdáwà gbẹ, mo fi bébà wé e, mo sì wọ kóòtù mi.